Bàbá Tíṣà gba 71, ó wálẹ̀ sí 65: ìrírí mi nídìí wíwọn ímpláǹtì eyín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń tì mí lójú jù. Bàbá kan wà tí gbogbo wa ní kílíníìkì ń pè ní Bàbá Tíṣà, wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́, eyín ẹ̀yìn wọn kan nísàlẹ̀ ti lọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, a wá fi ímpláǹtì, ìyẹn sìkúrù tí a máa ń gbé eyín lé lórí, sí i fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò, èmi ni mo wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bó ṣe dì mú tó, mo wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tó jáde ò tó èyí tí a kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a fi í sí i. 71 ló wà tẹ́lẹ̀, ó ti di 65. Àyà mi já. Mo tún wọ̀n ọ́n, 65 náà ni. Ni mo bá lanu, mo ní, "Bàbá, ó jọ pé nǹkan yìí ò fẹ́ dì mú o, ó lè jẹ́ pé a máa yọ ọ́." Bàbá ò pariwo, wọ́n kàn bi mí pé, "Dókítà, ṣé 65 yẹn, nínú 100 ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní, "Mo ti ń já wálẹ̀ nìyẹn," wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n lọ.

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó wọn fóònù wa. Wọ́n ní Bàbá ò jẹun gidi láti àná, ẹ̀kọ mímu nìkan ni, wọ́n sì ń fi ahọ́n tọ́ ibẹ̀ wò lóru bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́, wọ́n pè mí wọ ọ́fíìsì, ohùn wọn ò tiẹ̀ ga rárá, èyí ló dùn mí jù, wọ́n ní, "Ta ló ní kó o lọ ṣí i lọ́sẹ̀ kẹta? Kí lo sì rò pé o máa bá níbẹ̀?"

Mi ò lè dáhùn. Mo ti kà á nínú ìwé o, mo ti ṣe ìdánwò lórí ẹ̀, mo tiẹ̀ yege. Àmọ́ ohun téèyàn kà nínú ìwé àti ohun téèyàn máa rántí nígbà tí aláìsàn ń wo ojú ẹ̀, nǹkan méjì ni wọ́n.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ímpláǹtì ò ju sìkúrù kékeré kan lọ, titanium ni wọ́n fi ń ṣe é, a máa gbẹ́ ihò sínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí eyín ti kúrò, a máa yí i wọlé, tó bá ti jọ mọ́ eegun tán a máa wá gbé eyín lé e lórí. Ará Sweden kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Bránemark, àbí kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, Brånemark, òun ló rí i pé eegun máa ń dì mọ́ titanium. Nǹkan mìíràn ló tiẹ̀ ń wá. Ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú eegun ẹsẹ̀ ehoro, ó fi nǹkan kékeré tí wọ́n fi titanium ṣe síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ yọ ọ́ padà kó lè tún un lò, kò yọ mọ́, eegun ti gbà á mọ́ra. 1965 ló fi ti èèyàn àkọ́kọ́ sẹ́nu, Gösta Larsson ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin yẹn sì lo eyín ọ̀hún fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kó tó kú. Láyé Brånemark, wọn kì í wọn nǹkan kan púpọ̀. Wọ́n á bo erìgì lé e lórí, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, oṣù mẹ́fà tó bá jẹ́ òkè, kò sẹ́ni tó ń yọjú wò ó. Sùúrù ni ẹ̀rọ ìwọ̀n tiwọn.

Àwa ayé ìsinsìnyí la ò ní sùúrù, ìyẹn ló sọ wá di awọnǹkan.

Ọ̀gá mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà fún mi lọ́nà tí mi ò lè gbàgbé mọ́. Wọ́n ní ṣé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ri òpó géètì rí? Wọ́n máa gbẹ́ ihò, wọ́n á gbé òpó sí i, wọ́n á kọ́kọ́ kó òkúta há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n á da kọnkéré sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òkúta ló mú òpó dúró, kọnkéré ò tíì mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ó wá kù díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ eegun fi yàtọ̀: ara fúnra ẹ̀ ló máa ń jẹ òkúta wọ̀nyẹn kúrò. Eegun tí sìkúrù há mọ́ lọ́jọ́ tí a yí i wọlé, ara máa ń wó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀, ó ń palẹ̀ mọ́, kó lè mọ eegun tuntun síbẹ̀. Àsìkò kan á wá wà, láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, tí òkúta ti ń tú, tí kọnkéré ò sì tíì gbẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni mo lọ gbé ẹ̀rọ lé Bàbá Tíṣà lẹ́nu. Kí ni mo rò pé mo máa rí? Ó yẹ kó wálẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé tí ò bá wálẹ̀ rárá ló yẹ kéèyàn tún un wọ̀n. Wọ́n sì tún bú mi lórí ṣíṣí tí mo ṣí i, torí bí mo ṣe ń tú ìdérí ẹ̀ tí mo ń de nǹkan mìíràn sí i, òpó tí kọnkéré ẹ̀ ò tíì gbẹ ni mò ń mì yẹn.

Ẹ wá wò ó, èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti lo gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìdí dígí tí a fi ń wo inú ẹnu la fi ń lù ú. Ẹ máa fi lu orí ímpláǹtì kọ́, kọ́, kọ́, ẹ máa tẹ́tí. Tó bá dún kéékéé bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí lu abọ́ tánganran, a ní ó ti dì mú. Tó bá dún bòhùbòhù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ká sòótọ́, etí mi kì í purọ́ tó bá ti bàjẹ́ tán, àmọ́ nígbà tó bá ti bàjẹ́ tán kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀, aláìsàn gan-an á ti mọ̀. Èyí tó ń bọ̀ wá bàjẹ́ ni etí ò lè gbọ́. Àwọn kan tún máa ń yí i sẹ́yìn pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára tí a fi yí nǹkan, láti wò ó bóyá ó máa tú, 20 Newton-sẹ̀ǹtímítà báyìí (òṣùwọ̀n agbára yíyí nìyẹn), tí ò bá yí, ó yege. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ó dà bí kéèyàn fa iṣu tu kó lè mọ̀ bóyá ó ti ń ta.

Àwọn ará Jámánì ní tiwọn, Periotest, ọ̀pá kan bíi bírò ni, irin kékeré kan nínú ẹ̀ ló máa ń gbá eyín lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó ń wo bí eyín ṣe ń tètè dá a padà tó. Eyín gidi tó ń mì ni wọ́n ṣe é fún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá sórí ímpláǹtì. Nọ́ńbà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -8 dé +50, èyí tó wà nísàlẹ̀ òdo ló dáa. Ọ̀gá mi ní ọ̀kan tó ti gbó, mo lò ó díẹ̀, ohun tó sú mi níbẹ̀ ni pé tí mo bá yí ọwọ́ mi díẹ̀, tàbí mo lù ú lókè díẹ̀ ju ti àná lọ, nọ́ńbà á yí padà. Àwọn aláìsàn náà ò fẹ́ràn títa tó máa ń ta wọ́n.

Èyí tí à ń lò báyìí, kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ agídìgbo, àpótí yẹn tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sí lójú tí wọ́n ń fi ìka ta? Irin tí wọ́n bá dè pa dáadáa tí èyí tó yọ síta sì kúrú, ohùn ẹ̀ á lọ sókè. Èyí tó gùn síta tàbí tí ìdè ẹ̀ dẹ̀, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ máa de pẹ́ẹ̀gì kékeré kan sínú ímpláǹtì, òòfà wà lórí pẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ máa gbé ẹnu ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, bíi mìlímítà méjì sí mẹ́rin, kò gbọ́dọ̀ kàn án o, ẹ̀rọ á fi agbára òòfà mì ín láti ibi tó wà, á wá gbọ́ ohùn tó fi ń gbọ̀n. Neil Meredith àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde ní 1996, ìlú Göteborg ní Sweden, níbi tí Brånemark náà ti ṣiṣẹ́, ni ilé-iṣẹ́ Osstell tó sọ ọ́ di ọjà wà. Ohùn tó gbọ́ yẹn jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún Hertz, ta ló fẹ́ máa ka ìyẹn fún aláìsàn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di nọ́ńbà láti 1 dé 100 tí wọ́n ń pè ní ISQ. Ibẹ̀ ni wàhálà èmi àti Bàbá Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí 100 báyìí, ohun tó máa rò ni mákì. ISQ kì í ṣe mákì, kì í sì í ṣe pé ìdá 65 nínú 100 eegun ló dì í mú. Ìró agídìgbo ni. Ní ẹnu èèyàn, ohun tí a sábà máa ń rí ò kọjá láti 55 títí dé 80 àti díẹ̀. Tó bá wà nísàlẹ̀ 60, a máa ń lọ́ra, 60 sí 69 wà láàárín, 70 sókè, ó dì mú gidi.

Tí ẹ bá ti gbà pé agídìgbo ni, ọ̀pọ̀ nǹkan á yé yín fúnra ẹ̀. Ímpláǹtì tí ọrùn ẹ̀ yọ síta eegun ní mìlímítà méjì, ohùn ẹ̀ máa wálẹ̀ bó ti wù kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ dì mú tó, torí irin tó yọ síta ti gùn. Torí náà 66 tèmi àti 66 tìẹ lè má jẹ́ nǹkan kan náà rárá. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá sì dúró sí ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ lè rí 66, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ìlà eyín tó tẹ̀lé ara wọn, ẹ lè rí 73, torí eegun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń fẹ́lẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo máa ń kọ èyí tó bá ga jù sílẹ̀, torí kí ó lè dùn ún wò nínú fáìlì. Ẹ ò rí i pé ìwà ọmọdé ni? Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ mìíràn tí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dà bíi pé ímpláǹtì ti jábọ́, kò sì sí ohun tó ṣe é. Báyìí, méjèèjì ni mò ń kọ, mo sì ń kọ ibi tí mo dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pẹ́ẹ̀gì, torí òun ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Irú ímpláǹtì kọ̀ọ̀kan ló ní pẹ́ẹ̀gì tiẹ̀. Ìgbà kan a ra ímpláǹtì ilé-iṣẹ́ mìíràn torí pé èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ ti wọ́n, a fi ọ̀kan sẹ́nu àǹtí kan, ó dì mú débi tí sípánà fi ka 40, inú wa ń dùn, a de pẹ́ẹ̀gì sí i, a wọ̀n ọ́n: 48. Ọ̀gá wò mí, mo wo ọ̀gá. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, 51. Ìgbà kẹta, 46. Nọ́ọ̀sì wa, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín iṣẹ́, ló rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé pẹ́ẹ̀gì ti àtijọ́ yẹn náà kọ́ lẹ fi sí i?" Òun náà ni! Ó wọlé ni, kò jókòó. A ò ní èyí tó bá a mu, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà kí èyí tó bá a mu tó dé, lọ́jọ́ yẹn a kàn kọ nọ́ńbà sípánà sílẹ̀, a pa ẹnu mọ́.

Pẹ́ẹ̀gì alumíníọ́mù yẹn tún wà tó jẹ́ pé ẹẹ̀kan ló yẹ ká lò ó ká sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye tí owó dọ́là ń lọ, ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe. A máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń tún un lò, a máa ń tún un lò, títí tí ẹnu ẹ̀ tó rí bíi ti sìkúrù fi ń jẹ, tó ń mì díẹ̀ nínú ímpláǹtì, nọ́ńbà á wá máa jó bí ẹni tó gbọ́ ìlù: 70, 63, 68, 61. Nígbà tí ẹ bá ti ń rí i tó ń jó báyìí, pẹ́ẹ̀gì ló ń mì, ẹ má lọ dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. A padà ra èyí tí wọ́n fi titanium ṣe tó ṣeé sè nínú ẹ̀rọ apakòkòrò, ó wọ́n lọ́jọ́ tí a rà á, àmọ́ ó ti san owó ẹ̀ padà. Dídè ẹ̀ náà, ọwọ́ lásán ni, ẹ má lọ fi sípánà fún un pa. Kí ẹ sì wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa kó má lọ há erìgì mọ́lẹ̀, torí ẹran rírọ̀ díẹ̀ báyìí tó bá há sí i, ẹ máa gbọ́ ohùn tí kì í ṣe ti eegun.

Bí ẹ bá sì wà ní Nàìjíríà, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ àga. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn kọ̀ jálẹ̀, ó kàn ń ké pé ariwo iná wà nítòsí, kò fún wa ní nọ́ńbà kankan. A pa fáànù, a pa ẹ̀rọ tó ń fa itọ́, ó ṣì ń ké. Ínfátà ni, wọ́n ti gbé e wá sẹ́yìn àga aláìsàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn torí òjò ń jò sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. A pa ínfátà, inú òkùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù la ti wọn nọ́ńbà ọjọ́ yẹn.

Ohun tó wá tọ́ mi sọ́nà jù lẹ́yìn ti Bàbá Tíṣà ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń yangàn, ó ní òun fi ímpláǹtì sí iwájú ìsàlẹ̀, eegun ibẹ̀ le bí òkúta, sípánà kọjá 60, ISQ jẹ́ 78. Mo yìn ín, èmi náà rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó. Nígbà tó yá ó tún pè, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. 78 ti di 66, ó ti di 59, ọ̀sẹ̀ kẹfà aláìsàn sọ pé ó ń dun òun tí òun bá jẹ nǹkan, nígbà tó fọwọ́ kàn án, ó yí. Ó fún eegun pa débi tí ẹ̀jẹ̀ ò fi rí ọ̀nà gbà mọ́, eegun ibẹ̀ kú. Ẹ wò ó dáadáa: ímpláǹtì méjèèjì ló wálẹ̀, ti Bàbá Tíṣà àti tiẹ̀. Ká ní ẹ wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tiẹ̀ ló tiẹ̀ máa ga ju ti Bàbá lọ, 66 sí 65, ẹ máa ní tọ̀rẹ́ mi ló dáa. Ọ̀kan wálẹ̀ ó sì dúró, ó ń gòkè padà, ìkejì ń yọ̀ lọ ni kò dúró. Ẹ̀rọ ò lè sọ èyí fún yín lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí aláìsàn bá wá láti ibòmíràn, tí wọ́n ní ká bá wọn wọn ímpláǹtì tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i. Mo lè wọ̀n ọ́n o, màá sì rí 67, àmọ́ ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀?

Màmá kan náà wà, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Òkè lẹ́yìn ni eyín tiwọn, ẹni tó bá ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ibẹ̀ rí mọ̀ pé eegun ibẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì ní ẹnu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Sípánà ò ka ju 15 lọ, ISQ 56. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ni ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé àwọn á fi eyín tuntun jẹ ẹran ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní London, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe tiẹ̀ tó fi eyín délé." Òótọ́ ni, wọ́n máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún, ìdìmú ẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ ga, ọ̀pọ̀ dókítà ò ní gbà tí sípánà ò bá ka 30 tàbí 35. Tí a bá gbé eyín lé èyí tí ò tíì dì mú, tí wọ́n fi ń jẹun, á máa mì. Kì í ṣe mímì tí ojú lè rí o. Ohun tó bá ti kọjá nǹkan bíi 150 máíkírómítà, ìyẹn bí ìbú fọ́nrán irun méjì téèyàn tò pọ̀, ti tó láti mú kí ara pinnu pé òun ò mọ eegun síbẹ̀ mọ́, ẹran yíyi ló máa hù síbẹ̀ dípò. Ọ̀gá kọ̀. Wọ́n ṣe eyín tó ṣeé yọ fún wọn kí wọ́n fi ya fọ́tò, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi jẹ ẹran. Màmá bínú dé òpin, wọn ò fún wa ní káàdì ìgbéyàwó mọ́. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún wọ́n padà wá, 68 lápá kan, 70 lápá kejì, a gbé eyín lé e. Wọn ò dúpẹ́, àmọ́ wọ́n ti mú èèyàn méjì wá látìgbà yẹn, mo ti gba ìyẹn mọ́ ọpẹ́.

Kí n má tan yín, nọ́ńbà ò rí ohun gbogbo. Mo ti rí bọ̀ọ̀dá kan tí ISQ ẹ̀ wà ní 74, tí ọyún sì ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ erìgì ẹ̀, torí ó ń mu sìgá, kì í sì í fọ ibẹ̀ dáadáa. Nǹkan tó dì mú nísàlẹ̀ lè máa jẹrà lọ́rùn. Ẹ̀rọ ní ó dáa, imú mi ní kò dáa, imú mi ló jàre.

Bí mo ṣe ń ṣe báyìí ni pé kí n tó fi ímpláǹtì sí èèyàn lẹ́nu, mo ti sọ ọ̀rọ̀ òpó géètì fún un, mo ti sọ pé ó máa wálẹ̀ kó tó gòkè, mi ò sì ní ṣí i lọ́sẹ̀ kẹta àyàfi tí nǹkan kan bá ń dùn ún. Mò ń wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí mo fi í sí i, mo tún ń wọ̀n ọ́n nígbà tó bá kù díẹ̀ kí a gbé eyín lé e. Láàárín méjèèjì, mo ń ṣọ́ ọwọ́ mi.

Bàbá Tíṣà ni mo fẹ́ parí pẹ̀lú, ọ̀gá ní èmi náà ni kí n lọ bẹ̀ wọ́n nílé, mo lọ, mo bá wọn tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, mo ṣàlàyé òpó géètì àti kọnkéré, wọ́n fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àwáwí ọmọ tí ò ṣe àṣetiléwá. Wọ́n ní, "O ò ka ìwé ẹ dáadáa kó o tó wọ kíláàsì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ má bínú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó wọn ní wọ́n jẹ iyán.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, 69. Ọ̀sẹ̀ kejìlá, 75. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò agbádá wọn, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: 71, 65, 69. Wọ́n fi 75 sí i, wọ́n fà á nídìí. Wọ́n wá bi mí pé láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ta ló ti gba 100? Mo ní kò sí sà, èyí tó ga jù tí mo tíì rí, 83 ni. Wọ́n mi orí, wọ́n pa ìwé dé.

"Ẹ̀yin dókítà," wọ́n ní, "ọwọ́ yín mà há nídìí mákì o. Ìgbà wo ni mo wá lè fọ́ eegun?"